Bí Ọkọ Kò Bá Dé, Fọ́tò Rẹ̀ Yóò Jókòó

Papalanto,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, 1985.

Ẹ̀gbọ́n mi Morónkẹ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi ní Òdèdà níbẹ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Ara tèmi le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí: mo ti lọ́kọ. Èmi àti Dìran ti fọwọ́ síwèé ní kóòtù lóṣù tó kọjá, torí iléeṣẹ́ wa kì í fún ẹni tí kò tíì gbéyàwó ní ilé. Òrùka wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí! Àbúrò bàbá wa, Bàbá Adéṣọlá, nìkan ló mọ̀. Àwọn ló ní kí n má tíì sọ títí wọn yóò fi dá ọjọ́ ìdána. Wọ́n ti dá a báyìí. Ẹ bá mi sọ fún Màámi nígbà tí wọ́n bá jẹun tán.

Ìdána yìí ló wá di wàhálà. Ẹ mọ̀ pé yàrá kọ̀ǹpútà ni àwa méjèèjì wà níléeṣẹ́ tó ń hun àpò. Ẹ̀rọ náà a máa kọ ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀ fúnra rẹ̀: yóò kọ ‘mo bẹ̀rẹ̀’ sí ìlà kan, yóò to ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e, yóò wá kọ ‘mo parí’ sísàlẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó ń dákú lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, wọn kò parí. Ọ̀gá wa, Alájì Sàlàhúdíìnì, ní Dìran kò ní kúrò níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìdána, títí yóò fi ṣa gbogbo wọn jáde.

Àṣẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń kà. Tó bá ti dé ìparí ìlà, ó ti gbàgbé òkè. Dìran tún un kọ pé kó máa rékọjá ìparí ìlà, láti ‘mo bẹ̀rẹ̀’ dé ‘mo parí’. Ẹ̀gbọ́n mi, ó mú ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú ìparí tó kẹ́yìn pátápátá, ó kó gbogbo àárín wọn fún wa bí ẹyọ kan. A rẹ́rìn-ín. Dìran ní kó dúró níbi ìparí tó bá sún mọ́ jù. Ìyẹn ló wá burú, torí iṣẹ́ tí kò ní ìparí tirẹ̀ ń lọ yá ti èyí tó tẹ̀ lé e lò. Èyí tó kú wá dà bí èyí tó parí. A kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Alájì wò wá, wọ́n ní, “Dìran, ìwọ tí ìgbéyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù tí kò tíì parí nílé àna, ìwọ ló yẹ kó mọ iṣẹ́ yìí.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, ó ń fi rúlà kà á ní ìlà-ìlà. Mo bá a kà títí ojú mi fi ń ṣú. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé ìyàwó kì í fọ́jú kí wọ́n tó dána rẹ̀. Mo sunkún lọ́nà, mo tún ń rẹ́rìn-ín, torí pé ọkọ mi ni mo ń sunkún fún.

Mo bẹ Alájì; wọ́n ní àṣẹ òkè ni. Mo bẹ Bàbá Adéṣọlá pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní, “Ṣé a kì í gbé fọ́tò ọkọ tó wà lókè òkun sórí àga ni? Ẹ gbé ti ará Papalanto náà síbẹ̀.” Ọkọ àwọn ẹlòmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tèmi, mọ́tò lè gbé e délé kí àkàrà tó tutù, síbẹ̀ n kò lè mú un wá. Mo ti lọ fi fírémù sí fọ́tò náà ní Lafẹ́nwá. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọlọ́run yóò fún Màámi lẹ́sẹ̀ ijó. Ayọ̀ kò ní wọ́n nílé yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ti dìyàwó,
Adépéjú.

Àfikún: Dìran ka lẹ́tà yìí, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ọkọ ni o, fọ́tò ni o, kí gbogbo yín ti dé ilé Bàbá Adéṣọlá ní Ìtòkò láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá.