Epo tí mo bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Tóyìn

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Mo sọ fún ọkọ mi lónìí pé mo fẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan nínú epo pupa tí mo ṣe. Níbí, ọkọ ló ni epo, èkùrọ́ nìkan ni tìyàwó.

Ó gbé òkèlè sílẹ̀. "Obìnrin tó wá bá ẹ̀yin ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ẹ. Fẹ́mínísìtì ti wọlé mi."

"Ẹ má bínú, epo ni mo bèèrè."

"Epo náà ni ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ní owó tiẹ̀ tán, ó fi wá sílẹ̀ lọ."

Mo ti rò pé ó máa lé mi, kó gba Tóyìn ọmọ wa lọ́wọ́ mi. Àṣé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Mi ò níbi tí mò ń lọ. Ó wù mí kí n sọ fún un, ṣùgbọ́n tọ́kàn ẹ̀ bá balẹ̀ pé mi ò lè fi òun sílẹ̀, kí ló tún máa mú kó fún mi lépo?