Ààwẹ̀ Bàbá àti Ìgò Sùúrù

Ọjọ́ Ajé, 8 Ọkítóbà 1973
Bàbá tún kọ oògùn. Dókítà tí a lọ bá ní Iléṣà ní kí n máa fún un ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tọ̀sán-tòru, kí ìrora jẹjẹrẹ inú rẹ̀ má baà ráyè gbérí. Mọfíìnì ni, olómi inú ìgò. Mo sọ ìgò náà ní Sùúrù. Ṣùgbọ́n Sójà — bí mo ṣe ń pe bàbá mi nìyẹn, torí agídí rẹ̀ — ní òun ń gbààwẹ̀. Àfi lẹ́yìn ìṣínu àti ní sààrì. Lójú ọ̀sán, ó ń deyín mọ́ aṣọ ìbora kí àwọn ayálégbé má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Ọkítóbà
Ọ̀sán burú. Yéè.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọkítóbà
Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ ó san ààwẹ̀ náà pa dà tí ara bá yá. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ránṣọ, òun ò bá Ọlọ́run rajà àwìn rí. Ó ní, Raliat, fi mí sílẹ̀. Ló bá ká jọ, ó gan. Oògùn ń bẹ nínú ilé o! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ìgò náà mọ́ ògiri.

Jímọ̀, 12 Ọkítóbà
Mo bi Àáfà Àkànó lẹ́yìn ìrun. Ó ní aláìsàn tó máa gbádùn, kó jẹun, kó san án tó bá yá. Èyí tí kò ní gbádùn mọ́, kí wọ́n bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kankan. Ọ̀nà rèé! Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Sójà pé kò ní gbádùn? Inú rírun lásán la pè é fún un. Ẹ̀gbọ́n mi Mùyídéènì yarí kanlẹ̀ — ṣé mo fẹ́ fẹnu pa bàbá ni? Ẹ̀gbọ́n ń sùn nílé tirẹ̀. Èmi ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń payín keke.

Àbámẹ́ta, 13 Ọkítóbà
Mo lanu láti sọ ọ́. Ẹkún ló jáde.

Àìkú, 14 Ọkítóbà
Mo se ìrẹsì lọ́sàn-án. Mo bù ú sínú abọ́ tánganran, mo gbé e kọjá níwájú rẹ̀. Ó ní abọ́ ta nìyẹn. Mo ní ti ìyá afọ́jú tó máa ń jókòó nítòsí réluwéè ni, kó fi ṣínu. Mo ní, Bàbá, ti ààwẹ̀ yín tòní ni.

Ó wò mí. Ó wo abọ́. Láti kékeré ló ti ń kéwú, ó mọ òfin bíbọ́ tálákà yẹn jù mí lọ. Mo rò pé mo ti pa á.

Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Ó ní, ìrẹsì gbẹrẹfu? Ṣé ààwẹ̀ tèmi lo fẹ́ fi èyí rọ́pò? Lọ fi ẹran sí i.

Lẹ́yìn náà ló yanu fún Sùúrù, lójú ọ̀sán gangan.