Ìwé Aláwòrán Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá Hawáwù,

Ẹ má wulẹ̀ wá ìwé aláwòrán yín lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti gbé e fún ọmọ tẹ́ ẹ ní ẹ torí ẹ̀ rà á. Ìwé pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ rà ní Bẹẹrẹ, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ ní òórùn ẹ̀ ń rán yín létí ìgbà èwe. Bí Hawáwù bá nawọ́ sí i, ẹ ó figbe ta. Ẹ kú ìtọ́jú o! Ìyá yín ní ojú ìwé tí ewúrẹ́ wà nínú tiyín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ẹ fà á ya, ẹ fi ṣe ọkọ̀ òfúrufú.

Mo ti lọ Ọjà'ba. Ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá yín lẹ́yìnkùlé, ó dorí ìwé kodò, ó ń kà á fún adìyẹ. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kà á nílé yìí.

Mujeebat