Oògùn Oorun Mẹ́ta fún Orí Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà 2024

Mo ra ìwé yìí ní Awóyayà kí n tó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ̀n àwọn tó ń rán sùtánà lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ máa kọ sínú rẹ̀. Wá wo ohun tí mo ń lò ó fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọlálérè ọmọ mi ní kí n wá lò nílé òun ní Lekki kí ìbàdí mi fi san. Oṣù kẹta rèé. Ìbàdí ti san tipẹ́. Oorun ló kù tí kò wá. Láti aago kan òru ni mo ti ń rìn kiri ilé bí adìẹ tó ń wá ibi yé ẹyin sí. Lánàá mo kọlu àga, gbogbo ilé jí.

Ọlálérè jókòó tì mí láàárọ̀. Ó ní, "Màámi, ọjọ́ tí ẹ bá ti ń sùn dáadáa, tí orí yín sì pé, n ó fi mọ́tò gbé yín padà sí Awóyayà." Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà yí i padà.

Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rọ́nà jáde dé géètì ẹ́sítéètì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní Ọ̀gá ní kí wọ́n má jẹ́ kí Màmá jáde. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo bí Ọ̀gá. Ó ní òun mọ̀, mà. Kò ṣí i.

Orúkọ tí mo sọ ilé yìí nínú ọkàn mi: Àhámọ́.

Ọjọ́rú, 5

Ọlábùnmí, ìyàwó Ọlálérè — Ìyàwó ni mo máa ń pè é — gbé ike kan wá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Súìtì pupa ló wà nínú rẹ̀, ó rí bí ẹranko kékeré tó jókòó. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Mẹlatonín ni wọ́n ń pè é. Ó ní irú ẹ̀ wà nínú ara gbogbo èèyàn, òun ló máa ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, ó sì máa ń dínkù bí èèyàn bá ń dàgbà. Mo ní kí ló kù tí kì í dínkù. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Tèmítáyọ̀, ọmọbìnrin mi. "Wọ́n á ní mò ń fún màmá àwọn ní oògùn."

Súìtì náà dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń mú eku.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo sùn. Aago mẹ́fà ni mo jí. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Àbámẹ́ta, 8

Tèmítáyọ̀ wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Oníru. Àbígbẹ̀yìn mi — ẹnu mú bí abẹ, ọwọ́ kì í ṣófo. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó yọ páálí funfun kan láti inú báàgì. Oògùn oorun. Mẹlatonín náà ni, oníhóró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a rà á bọ̀ láti London. Ó ní ojúlówó nìyí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ṣúgà. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀. Kò mọ̀.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó Bùrọ̀dá rí i o. Ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ kí n dá sí nǹkan kan nínú ilé yìí."

Àwọn méjèèjì ò tíì jọ jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílé yìí. Tí mo bá kọ ti Ìyàwó, á ní torí pé òun kì í ṣe ọmọ mi ni. Tí mo bá kọ ti Tèmítáyọ̀, á ní ìyàwó ti gba ìyá mọ́ òun lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gba méjèèjì, mo pa ẹnu mọ́.

Àìkú, 9

Bí mo ṣe ṣe é lálẹ́ òní: súìtì Ìyàwó lójú Ìyàwó. Hóró ti Tèmítáyọ̀ nínú balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà Píríton méjì tèmi, tí mo dì sétí ìró. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni mo ti ń fi í wá oorun, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ara yíyún àti ọ̀fìnkìn ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ gbogbo àdúgbò wa ló ń fi í sùn.

Bí ẹyọ kan bá mú mi sùn, mẹ́ta á mú mi délé.

Ọjọ́rú, 12

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo jí. Ẹnu gbẹ. Ẹsẹ̀ wúwo bí ẹni tó wọ bàtà òjò. Mo sùn lórí àga, mo jí, mo tún sùn nídìí ẹ̀wà tí mò ń ṣà. Kí ni n ó sì ṣe? Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí èèyàn, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ́tìnnì ò ṣí.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ oorun ò wá mọ́, mo bá tún jẹ súìtì kan lé e. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyàwó fi ike náà sí báyìí.

Àbámẹ́ta, 15

Wọ́n ní mo pe Ìyàwó ní Ọmọ́wùnmí. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọmọ́wùnmí, ó ti kú láti bí ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní mo wọ sùtánà ní aago méjì ọ̀sán, mo bọ́ bàtà, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà ní títì, mo ní agogo ìsìn ti lù.

Mi ò rántí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo ṣubú ní balùwẹ̀. Eegun ò ṣẹ́. Orúnkún wú, iwájú orí bó. Ìyàwó ló gbé mi dìde, ó ń sunkún, ó ń nu ẹ̀jẹ̀. Ọlálérè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, ẹ ò lè dá gbé mọ́." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Mo lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mò ń sùn.

Ọjọ́rú, 19

Ọlálérè gbé ìwé kan wá. Mo buwọ́ lù ú. Orí ń fọ́ mi. Oorun.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbọ́ wọn ní kíṣìnì. Ọlálérè ní, "Ọpọlọ wọn ni. Bàbá ìyá wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú." Irọ́ ni. Ẹmu ló ṣe bàbá ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ní kó má tíì fẹnu sọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn kọ́kọ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ mí wò.

Mo padà sí yàrá, mo ṣí ìwé yìí láti ojú ìwé kìíní. Kí ọjọ́ kẹsàn-án tó dé, oorun nìkan ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ mi já gaara, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo ẹ̀ ti ń wọ́ bí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́ta ni mò ń gbé mì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé tòun nìkan ni.

Kì í ṣe orí mi ló bàjẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bà á jẹ́.

Tí mo bá sọ, ìjà á wọlé. Tí mi ò bá sọ, mi ò ní rí Awóyayà mọ́. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ pé kí wọ́n máa sọ òótọ́.

Àbámẹ́ta, 22

Tèmítáyọ̀ wá. Mo ní kí gbogbo wọn jókòó sídìí tábìlì. Mo tò wọ́n sílẹ̀: ike súìtì, páálí funfun, Píríton nínú bébà. Mo sọ ẹni tó fún mi ní èyí, mo sọ ẹni tó fún mi ní ìyẹn. Mo sọ tèmi náà.

Tèmítáyọ̀ ló bẹ̀rẹ̀: ó ní wọ́n fẹ́ pa ìyá òun. Ìyàwó ní ṣé àádùn ló wà nínú páálí tiwọn ni. Ó le débi pé Ọlálérè fọwọ́ lu tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ̀bi tó mi. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ fún mi. Èmi ni mo so ó pọ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi." Tèmítáyọ̀ bú sẹ́kún. Ìyàwó ló lọ bu omi wá fún un. Mi ò rí irú ẹ̀ rí nínú ilé yìí.

Ọlálérè bi mí láti ọjọ́ wo. Mo ní láti ọjọ́ kẹsàn-án. Ó fọwọ́ bo ojú, ó dìde, ó lọ sókè. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 24

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Mọ́tò gbé wa lọ sí ilé oògùn kan ní Ajah. Adétutù lorúkọ fámásísìtì ibẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í kánjú. Ó ka ara ike, ó ka ara páálí, ó rò ó pọ̀ sórí bébà. Súìtì kan, mílígíráàmù mẹ́wàá. Hóró kan, márùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo bá jẹ súìtì méjì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní, "Màmá, mílígíráàmù kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà." Ó ní iye tí wọ́n kọ sára irú súìtì bẹ́ẹ̀ gan-an kì í fìgbà gbogbo bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu.

Ti Píríton ló bí i nínú jù. Ó ní kì í tètè jáde lára àgbà, ó ń da iyè rú, ó ń gbé èèyàn ṣubú. Kí n má fi wá oorun mọ́. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn kan wà tí kì í bá mẹlatonín rẹ́, òun ò ní ta nǹkan kan fún mi àfi tí dókítà bá kọ́kọ́ rí mi.

Láti ibẹ̀ la ti lọ rí dókítà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Ó ní kí n fi gbogbo ohun tí mò ń fi sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹlatonín mílígíráàmù kan péré, wákàtí kan ààbọ̀ kí n tó dùbúlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí oorun bá ti kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n padà wá. Ó ní oògùn nìkan ò tó: oòrùn àárọ̀, iṣẹ́ ọwọ́, kí n má sùn lọ́sàn-án.

Mo ní kó bá mi sọ fún ọmọ mi, oòrùn kì í wọ Àhámọ́. Ọlálérè ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27

Kò sí oògùn. Kò sí oorun. Mo fara dà á.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹyọ kékeré yẹn. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ mo lò ó, aago mẹ́wàá mo dùbúlẹ̀. Ìyàwó ló ń pa iná àti tẹlifíṣọ̀n. Tèmítáyọ̀ ń pè é lórí fóònù láti bi í bóyá mo ti lò ó. Àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìkú, 7

Wákàtí mẹ́fà gbáko. Láàárọ̀, ní bàkónì, oòrùn lórí orúnkún mi, mo rántí ìwọ̀n gbogbo akọrin wa láti èjìká dé kókósẹ̀. Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún. Ọlálérè ní kí n ka oṣù láti ẹ̀yìn wá, mo kà á, mo sì fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà kún un. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú mi.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N ó ti délé kó tó pé.

Ẹtì, 12

Afusat pè mí, aládùúgbò mi ní Awóyayà, ògiri kan náà ló pín ilé wa. "Ìyá Sùtánà, àwọn ayálégbé yín ti kó dé o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, èbúté tuntun yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín síta, mo ti fi tapólì bò ó nítorí òjò."

Mo ní o ṣeun, Afusat.

Àbámẹ́ta, 13

Mo bi Ọlálérè. Kò jiyàn. Ó lọ gbé ìwé àdéhùn ilé wá. Ó ní ọjọ́ kejì tí mo ṣubú ni mo buwọ́ lù ú. "Màámi, mo kà á fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín. Ẹ ní kò burú." Ó ní nígbà tí mo fi to oògùn sórí tábìlì, àwọn èèyàn náà ti gba kọ́kọ́rọ́, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ọdún méjì ni wọ́n gba ilé náà fún. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀.

Mo ṣí ìwé yìí sẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún. *Mo buwọ́ lù ú.*

Mi ò lè pè é lólè. Mo gbà fún un bí mo ṣe gbà fún súìtì, bí mo ṣe gbà fún páálí funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì, ó ń sunkún, ọkùnrin ńlá. Mo ní kó dìde, kó lọ gbé ẹ̀rọ mi kúrò lábẹ́ òjò. Ó ti lọ.

Ìlérí rẹ̀ ṣẹ kù díẹ̀. Mò ń sùn. Orí mi pé. Ibi tí wọ́n máa gbé mi padà sí ni kò sí mọ́.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀, Ìyàwó gbé ẹyọ kékeré wá pẹ̀lú omi. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá kí òun fi ọ̀kan lé e lálẹ́ òní, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá. Mo wá ọ̀rọ̀ náà káàkiri inú ìwé yìí, mi ò rí ibi tí mo ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀.

Mo kọ orúkọ mi síbí, mo fi wé èyí tó wà nínú ìwé àdéhùn. Dúródọlá Àṣàkẹ́ Ajíbóyè. Tibẹ̀ wọ́, tibí tọ́. Ọwọ́ mi ni méjèèjì.