Jíìpù Tó Ń Mu Afẹ́fẹ́ Lọ́nà Pa Mering

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ, 2014
Lian, àbúrò mi, ránṣẹ́ láti Pa Mering, abúlé ìyá wa. Ìyá wa ò lè gbé oúnjẹ mì mọ́, àfi omi ìrẹsì. Ó ń béèrè mi. Bàbá Supang, ọkọ mi, ní kí n má da ara mi láàmú, pé ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá wa nílé. Mo ti di ìrẹsì sínú ewé. Mo di iyọ̀ tí a sè láti inú omi oríṣun, èyí tí ìyá mi fẹ́ràn, mọ́ ọn.

Ìṣẹ́gun, 5
A ò dé ibẹ̀. Kunkun — jíìpù wa, Olóríkunkun lódindi — bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ ní òkè tó kọjá odò. Ó fà, ó já, ó kú. Bàbá Supang ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní pọ́ńpù epo ni, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó, kò lè fa epo láti inú táǹkì mọ́. Mo fi aṣọ tútù wé pọ́ńpù náà, bóyá ooru ló mú un. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. A yí padà. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà ilé, Kunkun rọra gbé wa dé.

Ọjọ́bọ̀, 7
Pọ́ńpù tuntun bá ọkọ̀ òfurufú dé láti ìlú Miri. Bàbá Supang fọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ó fi ọkọ̀ gbé wáyà ọgbà fún pásítọ̀, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, Kunkun ò húkọ́ rárá. Mo yìn ín. Mo tiẹ̀ se adìẹ fún un.

Àbámẹ́ta, 9
A tún jáde. Òkè yẹn kan náà, ó tún kú síbẹ̀. Bàbá Supang ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Supang sunkún, ó ní òun fẹ́ rí ìyá àgbà. Èmi ò sunkún.

Àìkú, 10
Wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, pọ́ńpù ni mò ń rò. Kí Ọlọ́run má bínú. Bàbá mi wa ọkọ̀ gẹdú títí ó fi kú, abẹ́ ọkọ̀ ni mo dàgbà sí.

Bàbá Supang jáde lọ́sàn-án, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo gbóòórùn rẹ̀. Kò ní òórùn epo. Bí rọ́bà pọ́ńpù bá ya, epo á jò sínú ọ́ìlì — kò ya nìyẹn. Mo tú ọ̀pá epo kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, mo ń tẹ apá kékeré tó wà lára pọ́ńpù. Epo tú jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń hó bí ọṣẹ. Afẹ́fẹ́. Pọ́ńpù ò ṣàìsàn kankan. Afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú epo kí epo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fọwọ́ tọ ọ̀pá náà dé ẹnu táǹkì. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ yí mọ́ mi lọ́wọ́ láìlo sípánà. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ló bo àwọn yòókù. Eléyìí nìkan ló ń dán, ojú sípánà sì hàn lára rẹ̀. Mo dè é pa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà jẹ́ gbágungbàgun ọ̀nà ló tú u.

Ajé, 11
Kunkun kó ìrẹsì lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ó dé láyọ̀. Ọ̀la la tún máa gbéra lọ sí Pa Mering.

Ìṣẹ́gun, 12
Ẹsẹ̀ Bàbá Supang ni mo rí lábẹ́ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo dúró títí ó fi jáde. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń wo bóyá nǹkan ń jò. Mo ní, "Bàbá Supang, ẹ má parọ́ fún mi. Mo ti dé ìdí nọ́ọ̀tì yẹn níjẹta. Kí ni ìyá mi fi ṣe yín?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀rọ̀ náà jáde. "Balang Lemulun ni wọ́n sọ mí nígbà tí a bí Supang. Gbogbo òkè yìí ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ló ń pè mí ní Riboh, orúkọ ìgbà tí ikun ń ṣàn nímú mi. Níwájú ọmọ mi!"

Òótọ́ ni. Ìyá mi ní ẹran àpèjẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tuntun kò dé ilé gígùn tí gbogbo ìdílé àwọn jọ ń gbé ní Pa Mering, nítorí náà orúkọ ọ̀hún ò tíì dé ọ̀dọ̀ òun.

Mo ní ẹni tó ń kú lọ ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ò sọ pé a ò ní lọ. "Jẹ́ kó dákẹ́ ná. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, màá gbé ẹ lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Mo gba sípánà, mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo de nọ́ọ̀tì náà fúnra mi, mo gbé Supang sínú ọkọ̀. Kunkun gun òkè yẹn láìhúkọ́.

Ọjọ́rú, 13
Ìyá mi wà láàyè. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Lian ní títí di òwúrọ̀ Àìkú ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ló ń béèrè bóyá èmi ni. Ó lóhun tó fẹ́ sọ fún mi, kò sì gbà láti sọ ọ́ fún Lian. Ó di ọwọ́ mi mú, ètè rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ó mu omi ṣíbí kan. Mo kórìíra ọkọ mi.

Ẹtì, 15
Bàbá Supang dé. Ọkọ̀ oníṣòwò kan ló gbé e. Ó jókòó ti ìyá mi, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi omi tọ́ ọ lẹ́nu, omi sì ń bọ́ lójú òun náà. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn ará ilé ń sọ pé irú àna báyìí ṣọ̀wọ́n. Balang Lemulun níhìn-ín, Balang Lemulun lọ́hùn-ún. Ìyá mi kàn ń wò ó.

Wọ́n ní kí n wá kí ọkọ mi. Mo dìde. Gbogbo ojú wà lára mi, ti Supang náà.

Mo ní, "Riboh, o kú ìrìn."

 Lian wo ilẹ̀. Ìyá mi yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ mi, ètè rẹ̀ tún ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó fẹ́ sọ fún mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, àbí òdìkejì rẹ̀ gan-an, pé orúkọ tuntun ọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ òun.