Jẹ́ Kó Tutù Ná: Ìgbésí Ayé Alhaji Sùrájù Àbdùlbàkí, Oníṣẹ́ Alumíníọ̀mù ní Yopougon

Ní ìlú Ìgbòho, ní ọdún 1953, ni wọ́n bí Alhaji Sùrájù sí ìdílé Àlùfáà Àbdùlbàkí, oníṣòwò obì, àti Alhaja Mọ́síùrá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn kó ilé wá sí Anyama, ìlú òwò obì nítòsí Yopougon, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Wọ́n lọ sí ilé-kéwú, wọ́n sì kàwé Faransé dé CM2, ìwé kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Obì ni gbogbo ẹbí rò pé wọn yóò máa tà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ti obì, gbaka, ọkọ̀ èrò, tí mẹkáníìkì ń tú lójú títì ni wọ́n á máa wò, obì á sì bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ sú bàbá wọn. Ní 1974, bàbá mú wọn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá Yacouba ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yopougon, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yí alumíníọ̀mù, tí ọ̀bẹ sì ń gé e dé ìwọ̀n. Olóògbé kì í fi ọ̀bẹ tó ti gé irin kan alumíníọ̀mù láé. Wọn a sì máa ta epo òyìnbó sí i, kí èérún má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.

Wọ́n fẹ́ Alhaja Ràmílátù, ọmọ Ṣakí, ní 1981.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 1986, oòrùn ń wọ̀, wọ́n ń kánjú àtiṣínu. Wọ́n wọn ọ̀pá kan fún ẹ̀rọ ọkọ̀ apẹja nígbà tó ṣì gbóná. Alumíníọ̀mù a máa wú bó bá gbóná. Nígbà tó tutù, ó sún kì, ó sì ń mì nínú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ náà kú lójú òkun, apẹja mẹ́rin sì wà lórí omi fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí wọn fà wálé. Ojú ti Alhaji gidigidi. Wọ́n lọ bá Aziz, ọlọ́kọ̀, ní èbúté, wọ́n ní, “Ẹ̀bi mi ni. Mi ò dúró kó tutù.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gé iṣẹ́ tán, wọn a gbé e sórí pákó, wọn a lọ kírun, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2006. Wọ́n ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho fún ọdún mọ́kànlá.

Ràyhánà nìkan ló gba iṣẹ́ náà nínú àwọn ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá jù. Ta ni yóò ní sùúrù lẹ́yìn wọn? Èyí nìkan ló ń jẹ olóògbé lọ́kàn. Ràyhánà a ní, “Papa, c'est bon, ó ti dáa, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n.” Wọn a ní, “Ó gbóná. Òpùrọ́ ni ohun gbígbóná.” Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ń gé iṣẹ́, wọn ò fún un ní irin ìwọ̀n.

Ní ọjọ́ Alámìísì tó kọjá, ní ọdún 2025, wọ́n gé iṣẹ́ kan tán, wọ́n gbé e sórí pákó. Wọ́n fi irin ìwọ̀n lé Ràyhánà lọ́wọ́, wọ́n sì lọ kírun Àlààsárì. Orí ẹní ìkírun ni wọ́n ti papòdà.

Wọ́n fi Alhaja Ràmílátù sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin: Àrífù, Kadi, Ràyhánà àti Mustaqeem, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan iṣẹ́ orí pákó náà. Ọjọ́ kẹta tí a sin wọ́n ni Ràyhánà kírun tán, tó wọ̀n ọ́n.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn. Bàbá, ẹ sùn re. Ó ti tutù, ó sì pé.