Wúrà Ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí Tó Wà Nínú Bíríkì Kejìdínlógún

Ilé-iṣẹ́ Wúrà Àtúnrọ,
Òkè ilé aránṣọ,
Òpópónà Kejì, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fòǹtẹ̀ Lu Ohun Ọ̀ṣọ́,
Yàrá Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒRÙKA KAN TÍ Ẹ YỌ́ BÍ AYÉDÈRÚ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ TA BÍRÍKÌ WÚRÀ KEJÌDÍNLÓGÚN

1. Èmi ni alágbẹ̀dẹ wúrà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Rọra, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu mi nídìí iná kò ju ìyẹn lọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, n kò ra wúrà tuntun mọ́. Ògbólógbòó wúrà tí oníbàárà bá gbé wá ni mo ń yọ́, òun náà ni mo sì fi ń rọ òmíràn fún un. Dáyámọ́ǹdì tí mo ń lò, inú láàbù ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hù ú. Kò sí ẹni tó wọ kòtò kí n tó rí i. Dáyámọ́ǹdì gidi ni. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wà lórí tábìlì yín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi í.

2. Ìlérí kan ṣoṣo ni mo ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi: wúrà ẹnì kan kò ní pàdé ti ẹlòmíràn nínú ìkòkò mi. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju wúrà sínú ìkòkò kékeré tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ sí, yóò sì dúró wò ó títí yóò fi yọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ wákàtí kan ni mo ń fi odindi ọjọ́ ṣe. Mo gbà fún wọn. Síbẹ̀, ìlérí yẹn ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá mi.

3. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo wa ń pè é. Ó tú aṣọ ìnujú rẹ̀ sórí tábìlì mi: yẹtí kékeré méjì, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti ẹ̀gbà ọrùn tó ti já. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ni wọ́n, olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló sì gbé e lọ. Ìyá náà fẹ́ kí n yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di òrùka kan tí òun á máa wọ̀. Ó ní dáyámọ́ǹdì láàbù ni kí n fi sí i, nítorí pé ọmọ náà máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun kò ní wọ òkúta tí ilẹ̀ lè ti tìtorí rẹ̀ wó pa ọmọ ẹlòmíràn.

4. Nígbà tó kan kó ju yẹtí náà sínú ìkòkò, ó dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ tú. Mo ní kó rọra. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yìí ti gba ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún wá sáyé. Ti èmi nìkan ni kò rí dì mú." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló jù ú sí i. Gíráàmù mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì ní kó padà wá gba òrùka rẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí ikú ọmọ náà yóò pé ọdún kan.

5. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, mo fi òrùka náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè fi òǹtẹ̀ wúrà àtúnlò lù ú. Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní fi pamọ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù yín ti béèrè irú òkúta tó wà lórí òrùka, àpótí méjì péré ló wà níbẹ̀: "Láti inú ilẹ̀" àti "Ayédèrú". Mo gbé bírò lé ti àkọ́kọ́, mo tún gbé e kúrò, nítorí irọ́ ni ìyẹn ì bá jẹ́. Mo wá máàkì èkejì, mo sì kọ àlàyé sẹ́yìn fọ́ọ̀mù pé dáyámọ́ǹdì gidi ni, pé láàbù ni wọ́n ti hù ú, àti pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpò ìwé kan náà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo ṣe olóòótọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ kì í ṣìnà. Tèmi ṣìnà, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ló sọnù sí, nítorí kò sí ẹni tó yí i padà.

6. Ìwé ìkìlọ̀ yín, tí ẹ kọ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ sí, tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ogúnjọ́ oṣù náà. Ó sọ pé ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹni tó mú un wá bá fúnra rẹ̀ pè ní ayédèrú, ẹ ó yọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá bí kò bá wá wí tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ni ẹ yọ́ ọ. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára àpò ìwé náà sì fi hàn pé ọjọ́ kejìdínlógún ni lẹ́tà yín kúrò ní ọ́fíìsì yín. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló fi sùn sórí tábìlì ẹnì kan. Mo fi àpò ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí.

7. Lọ́jọ́ kejì, mo wá sí ọ́fíìsì yín. Arábìnrin tó wà nídìí fèrèsé kẹta gbà mí dáadáa, ó sì fún mi ní àga. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé e bó ti ń kà á: òrùka kan àti ohun mẹ́tàlélógójì mìíràn, ìkòkò kan náà, bíríkì kejìdínlógún. Ó dá dáyámọ́ǹdì náà padà fún mi nínú àpò kékeré tí wọ́n kọ "ayédèrú" sí lára. Mo ní wúrà ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, ẹ má ba ọkàn jẹ́. Wúrà náà ni wúrà. Bó ṣe wọ̀n tó lẹ máa gbà padà." Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rárá, ó fẹ́ tù mí nínú ni. Èmi ni mo dìde láì dágbére fún un, mo sì ń fi àsìkò yìí tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí Ìyá Agbẹ̀bí wá. Mo kó wúrà tèmi jọ, gíráàmù mẹ́fà àti díẹ̀, mo yọ́ ọ, mo rọ ọ́, mo sì fi dáyámọ́ǹdì tó padà wá yẹn sórí rẹ̀. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu pé bó bá ti jókòó ni màá jẹ́wọ́ fún un. Ó dé, kò jókòó. Ó na ọwọ́, mo fi òrùka sí i ní ìka, ó gbé ọwọ́ náà súnmọ́ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o ti dé." Ohun tí mo rí sọ ni pé á lò ó pẹ́.

9. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìyá yìí ń wá kí n bá òun nu òrùka. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Yóò fi orúnkún tó ń dùn ún gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi mí délẹ̀, yóò wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Èmi àti ọmọ mi ní ká yà kí yín." Èmi náà á dáhùn pé ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí arábìnrin ìdí fèrèsé nítorí ó ní wúrà náà ni wúrà, bẹ́ẹ̀ ohun tó fi ẹnu sọ ni èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ojú ń tì mí, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

10. N kò béèrè owó gbà-máà-bínú, n kò sì ní kí ẹ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ kankan. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yọ bíríkì kejìdínlógún kúrò nínú àwọn tí ẹ fẹ́ tà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣe wí. Kí ẹ gé gíráàmù mẹ́fà lára rẹ̀ níṣojú mi. Èmi yóò mú gíráàmù mẹ́fà wúrà wá dípò rẹ̀, kí òṣùwọ̀n yín má bàa dín. Mo mọ̀ pé wúrà tó bá ti yọ́ pọ̀ kò ṣeé ṣà lọ́tọ̀ mọ́. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nípa ti ìyẹn. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ mi. Bó bá yọ́ dáadáa, kò sí ibi tí ẹ gé lára bíríkì náà tí díẹ̀ nínú yẹtí yẹn kò ní sí. Yóò wà pẹ̀lú wúrà àwọn tí a kò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tà á, ẹni tó rà á yóò tún yọ́ ọ mọ́ òmíràn, n kò sì ní mọ ibi tí mo máa tọ́ka sí mọ́.

11. Bí ẹ bá tún ń tẹ fọ́ọ̀mù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpótí kẹta sí i fún òkúta tí wọ́n hù ní láàbù. Iye íǹkì tó máa gbà kò tó nǹkan.

12. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Yálà ẹ dá mi lóhùn tàbí ẹ kò dá mi lóhùn, ní ọjọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ títà náà, kí Ìyá Agbẹ̀bí tó bọ́ òrùka kúrò lọ́wọ́, èmi yóò gbé àga fún un, èmi yóò sì sọ ohun tí mo ṣe. Ó lè má gun àtẹ̀gùn mi mọ́ láéláé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ kàn jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣófo lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n ní nǹkan kékeré kan tí mo lè gbé lé e lọ́wọ́, kí n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó má sì jẹ́ irọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dé ìparí ọ̀rọ̀ gígùn yìí.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì yín,

Bàbá Rọra,
Alágbẹ̀dẹ wúrà àti onílé-iṣẹ́ Wúrà Àtúnrọ.